Ohun Tí Mo Sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Hallam

Òótọ́ ni mo sọ. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí ìtìjú rẹ̀ kò fi kúrò lójú mi títí dòní. Ká ní irọ́ ni mo pa ni, n bá ti mọ ohun tí n bá bẹ̀bẹ̀ fún.

Enid Staniforth ni mí. Sheffield ni wọ́n bí mi sí, ní ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ irin tò sí lẹ́bàá odò, níbi tí èéfín kì í ti í jẹ́ kí aṣọ tí a sá ó funfun. Kí ogun ńlá kejì tó dé, ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nílé dókítà kan lókè ìlú. Láàárọ̀ kùtù ni mo ti máa ń kúnlẹ̀ síwájú ààrò wọn, tí n óò máa kó eérú. Ìyàwó dókítà kò fìgbà kan pè mí ní Enid. Ó ní orúkọ yẹn ti ga ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ, pé Mary ni òun ń pe gbogbo àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo débẹ̀. Mo ń jẹ́ Mary títí mo fi pé mẹ́tàlélógún.

Lọ́dún 1941, ìjọba ní kí àwa ọmọbìnrin wá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun. Nígbà tí ìwé tèmi dé, ìyàwó dókítà kà á, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ogun sílẹ̀.

"Ta ni yóò wá máa dá iná?" ló bi mí.

Mo di ẹrù mi. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí, nítorí ogun ni, àwọn èèyàn sì ń kú.

Ilé-iṣẹ́ irin ni wọ́n rán mi lọ, sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin fún ìbọn àti ọkọ̀ ogun. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń rìn lórí irin méjì, lókè téńté lábẹ́ òrùlé, tó ń fi ìkọ́ ńlá gbé ìkòkò irin yíyọ́ láti ẹnu iná lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á. Kireeni là ń pè é. Ẹni tó ń wà á máa ń jókòó sínú àpótí kékeré kan lókè lọ́hùn-ún, àkàbà gígùn ló sì ń gùn débẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ni látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, obìnrin kan ló sì wà lókè níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. Ada Wragg ni orúkọ rẹ̀.

Àǹtí Ada tó ẹni ogójì ọdún. Kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó sì máa ń fi gèlè pupa wé irun rẹ̀ kí iná má bàa jó o. Òun ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gun àkàbà dé ìdajì, mo wo ilẹ̀, mo sì di àkàbà mú pinpin.

"Ọwọ́ ẹ ni kóo máa wò," ó pariwo láti òkè. "Má wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ò ní sá lọ."

Ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ súfèé. "Ẹ wá wo ẹyẹ! Wọ́n ti di méjì lórí òrùlé!"

Àǹtí Ada na orí jáde. "Tẹ́yẹ bá yàgbẹ́ sí ẹ lórí, o ò ní sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún ẹ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà gan-an rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi gun ìdajì tó kù.

Ó fi bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ irin mú hàn mí, bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí ọkùnrin ìsàlẹ̀ ń sọ láti inú bó ṣe ń juwọ́, nítorí ariwo kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn. Ó tún fi korobá kan hàn mí ní kọ̀rọ̀.

"Kí lèyí ń ṣe, Àǹtí?"

"Ilé ìgbẹ́ obìnrin ò sí níbí. Tóo bá fẹ́ẹ́ tọ̀, ibẹ̀ yẹn ni. Ọba ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ tí mo dá gbé ìkòkò irin yíyọ́ fúnra mi, bí ogún ọkùnrin ló dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Títí di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò wo ọwọ́ mi rí àfi tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́. Irin náà pupa bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ń mì nínú ìkòkò, mo sì gbé e kalẹ̀ láìta sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hallam, ọ̀gá wa, gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀ sí mi. Owó wa kò tó tàwọn ọkùnrin, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n Enid ni wọ́n ń pè mí. Mo wọ ṣòkòtò. Mo wọ ilé ọtí pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì fi owó ara mi ra ọtí. Ìyá mi ní òun kò mọ ohun tí òun bí mọ́.

Ọkọ Àǹtí Ada ń jẹ́ Clem. Ẹlẹ́dùú ni kí ogun tó dé, ọkùnrin gìrìwò tó lè gbé àpò èédú méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó wà lójú ogun ní aṣálẹ̀ Áfíríkà. Ní ìparí ọdún 1942, Àǹtí Ada kò wá sí iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọ̀gbẹ́ni Hallam béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Clem ò sí mọ́," ló wí.

Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí ṣí fìlà. Phyllis Ogden, obìnrin tó ń po tíì fún wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ṣúgà tirẹ̀ wá, èyí tí ìjọba ń wọ̀n fún olúkúlùkù tíńtín bíi ti oògùn, ó dà á sínú ife Àǹtí Ada. Kò sì dá a dúró. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe é. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, ilé wọn kọjú síra.

Nígbà ìrúwé, Àǹtí Ada ní kí n sin òun dé ibì kan lọ́jọ́ Àìkú. A wọ bọ́ọ̀sì jáde kúrò nílùú, a gun òkè, a dé ilé ńlá kan tó ní fèrèsé púpọ̀. Kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni mo ti mọ ibi tí a wà: ilé ìwòsàn àwọn tórí wọn dàrú. Ní Sheffield, tọ́mọdé bá ya pòkíì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn yóò mú un lọ.

Clem jókòó sídìí fèrèsé. Ó ń fa òwú jáde lára bùláńkẹ́ẹ̀tì, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń tò wọ́n sórí itan. Ara rẹ̀ kò ní àpá kankan. Àǹtí Ada rún búrẹ́dì sí i lẹ́nu.

"Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì," ni Clem ń wí.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí à ń bọ̀, Àǹtí Ada kò wò mí.

"Mi ò parọ́ fún wọn. Mo ní kò sí mọ́. Ṣé ó wà?"

"Kò sí, Àǹtí."

"Ẹni tó bá kú sójú ogun, akọni ni wọ́n ń pè é. Ẹni tórí ẹ̀ bá dàrú níbẹ̀, wọ́n á ní ojo ni. Jean ọmọ mi ṣì ń lọ sílé ìwé. Ṣóo mọ ohun tí wọ́n máa máa pè é?"

"Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Mo pa á mọ́ fún ọdún méjì. N kò sọ fún ìyá mi pàápàá.

Ogun parí. A jó lójú títì, mo fẹnu ko ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí lẹ́nu, Phyllis mu ọtí débi pé wọ́n fi bárò gbé e lọ sílé. Kò pẹ́ tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àwọn ọkùnrin ń bọ̀, ọjọ́ Ẹtì báyìí ni ká ṣe iṣẹ́ wa mọ.

"Wọ́n ti lò wá tán," Phyllis wí. "Ó yá, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣòkòtò, ẹ bọ́ ọ! Ẹ padà sídìí ìkòkò!"

Ṣùgbọ́n kireeni kan wà nínú ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lẹ́yìn, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ta bí ẹṣin burúkú. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ ẹ. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n fi fún obìnrin kan, kó jẹ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Ada. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n bí gèlè orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ló fà mí sí kọ̀rọ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ẹ́. Tí mo bá ti wà níbẹ̀, mi ò ní yé dárúkọ ẹ fún Hallam. Tí àyè bá ṣí, ìwọ ni."

Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo délé, lẹ́tà kan ń dúró dè mí lórí tábìlì. Ìyàwó dókítà ló kọ ọ́. "Mary mi ọ̀wọ́n," báyìí ló bẹ̀rẹ̀, "yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀." Ìyá mi ti kà á. Ó ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì yẹn, mo sì ń gbọ́ òórùn eérú.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Hallam pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí n wá fọwọ́ sí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi. Kò ṣe mí níkà rí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rì sómi pẹ̀lú ọkọ̀ ogun.

"Ó dùn mí, Enid," ó wí. "Lẹ́yìn Ada, kò sẹ́ni tó mọ kireeni wà tó ẹ nínú ilé yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ká ní ìwọ náà jẹ́ opó ni."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.

"Ta ló sọ fún yín pé opó ni Àǹtí Ada?"

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kí lo wí?"

Mo ṣì lè fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo lè sọ pé àwàdà ni. Ó wò mí, ó dúró, ó fún mi láyè, mo rí i pé ó fẹ́ kí n sọ pé àwàdà ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n tèmi kò tíì balẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ mi ló ṣì wà.

"Ẹ béèrè nílé ìwòsàn orí òkè," mo wí.

Ọjọ́rú ni wọ́n pe Àǹtí Ada sí ọ́fíìsì. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gba àárín ilé-iṣẹ́ kọjá láìwo ẹnì kankan, ó gun àkàbà lọ kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ àti korobá. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àkàbà, korobá já bọ́, ó ń dún lọ sílẹ̀ gbàràgàdà. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

"Opó alọ́kọ!" ẹnì kan kígbe láàárín àwọn ọkùnrin. "Ẹ kí bàbá wa nílé wèrè o!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ilẹ̀.

Phyllis sáré jáde, omijé lójú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Àǹtí Ada fa ara sẹ́yìn. Àbúrò Phyllis ni ó ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn orí òkè, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àbúrò ẹ ló sọ fún ẹ, àbí?" Àǹtí Ada wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ìwọ náà kò sì lè pa á mọ́ra. Ọdún mẹ́ta ni mo fi mu ṣúgà ẹ, Phyllis. Káì."

"Ada, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò..."

"Má kí mi mọ́. Tóo bá rí mi lójú títì, gba ẹ̀gbẹ́ kejì."

Mo dúró níbẹ̀. Tí mo bá na ọwọ́, n óò fi kan àwọn méjèèjì. Ife tíì wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sẹ́nu, mo mu ún.

Wọ́n fún mi ní kireeni náà. Ọ̀gbẹ́ni Hallam kò gbé fìlà rẹ̀ sí mi mọ́. Òjò ń jò sí mi lẹ́yìn lókè lọ́hùn-ún, mo ń gbé irin, mo ń gbé e kalẹ̀, bí mo bá sì parí n kì í rántí pé mo ṣe é.

Àǹtí Ada ríṣẹ́ nílé ìwòsàn orí òkè, ó ń fọ ilẹ̀. Ó ní ó kúkú dáa, òun á lè máa rí Clem lójoojúmọ́. Mo mọ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń lọ kí i. Gbogbo Àìkú ni mo ń lọ sílé rẹ̀, mo ń jẹ búrẹ́dì tó fi ọ̀rá ẹran pa fún mi, ó sì máa ń sọ pé, "Ìwọ nìkan ló kù fún mi." Tó bá wo ìta láti ojú fèrèsé, tó rí Phyllis tó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò fa kọ́tìnì. Àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pe Jean ní ohun tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rù pé wọ́n máa pè é. Ọmọ náà fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Ọdún méjì ló fi rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òtútù ńlá ọdún 1947, Phyllis kó lọ sí Hull lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Mo rí i nígbà tó ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde wá dágbére fún un. Ilẹ̀kùn Àǹtí Ada nìkan ni kò ṣí. Ní oṣù yẹn náà ni ìwé tèmi dé: ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti rí ọkùnrin tó fẹ́ kireeni.

N kò mọ èwo ló lé mi gun òkè lọ́jọ́ náà nínú méjèèjì. Ì bá wù mí kí n sọ pé ọ̀rọ̀ Phyllis ni.

Àǹtí Ada wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀.

"Enid! Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú lónìí."

"Àǹtí, èmi ni."

"Mo rí i pé ìwọ ni."

"Èmi ni mo sọ fún Hallam. Kì í ṣe Phyllis. Phyllis ò mọ nǹkan kan."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀, ó ń bọ̀ wá síbi tí mo dúró sí, títí ó fi dé iwájú bàtà mi.

"Gbé ẹsẹ̀," ó wí.

Mo gbé e. Ó fọ abẹ́ rẹ̀. Ó fún aṣọ, ó rọra dìde, ó gbá ògiri mú.

"Nítorí kireeni yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ìyàwó dókítà kọ̀wé sí mi..."

"Gbogbo wa la fẹ́ ẹ," ó wí. "Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, bóyá mo lè gbàgbé. Bóyá èmi náà ì bá ṣe é, ta ló mọ̀? Àmọ́ o dúró níbẹ̀. O gbọ́ ohun tí mo sọ fún Phyllis. O wá ń wá sílé mi, o ń jẹun mi, o ń rí i bí mo ṣe ń fa kọ́tìnì." Ó tún fún aṣọ náà. "Ọdún méjì, Enid."

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà. Ó ní kí n dìde, pé mò ń ba ibi tí òun fọ̀ jẹ́.

"Lọ kọ̀wé sí Phyllis," ó wí. "Tóo bá ti kọ ọ́ tán, má wá síbí mọ́."

Mo kọ ọ́. Ìgbà mẹ́fà ni mo ya ìwé. Èsì Phyllis dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lórí káàdì lásán tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Pé nígbà tí Ada ń sọ̀rọ̀ sí òun, òun rí bí mo ṣe gbé ife sẹ́nu, òfìfo sì ni ife náà, òun kò tíì bu tíì sí i. Ó ní òun ń retí pé kí n sọ ọ́ fúnra mi. Òun kò lè sọ ọ́, nítorí Ada kò ní ẹlòmíràn tó ń bá a jẹun lọ́jọ́ Àìkú mọ́ àfi èmi, òun kò sì fẹ́ kó pàdánù ìyẹn náà.

Ẹni tí mo fi sínú ẹ̀gàn ló ń dáàbò bò mí. N kò tíì rí ibi tí mo lè gbé ìyẹn kà.

Phyllis padà wá láti Hull kí ọdún tó parí. Mo ń rí wọn lọ́nà jíjìn, òun àti Àǹtí Ada, tí wọ́n kọ́ra wọn lápá lọ sí ọjà, tí Phyllis ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè ọ̀rọ̀ ọdún méjì. Èmi ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà. N kò padà sílé dókítà.

Clem kú lọ́dún 1951. Mo dúró sẹ́yìn pátápátá ní itẹ́ òkú. N kò fẹ́ bá wọn délé, ṣùgbọ́n Jean, tó ti dàgbà di obìnrin, tí ìyá rẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún, fà mí lọ́wọ́. "Àǹtí Enid, ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ ẹ̀ ní jẹun ni?" N kò lè jẹun. Mo wọ ilé ìdáná, mo ká ọwọ́ aṣọ sókè, mo sì ń fọ abọ́ bí wọ́n ṣe ń kó o wá. Àwọn àlejò ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Àǹtí Ada wọlé, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó dúró tì mí, ó ń nu abọ́ tí mo bá fọ̀, ó ń tò ó. A fọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó so aṣọ náà kọ́.

"O ṣé," ó wí. "Máa lọ sílé báyìí."

Mo mú kóòtù mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde.